Kí A Tó Fi Ajá Kékeré Wá Owó

Ní Ìsọlọ̀ wa níbí, láti Ire-Àkàrí dé Òkè-Àfà, ajá kékeré ti pọ̀ nínú ilé. Yàrá ò fẹ̀, ọgbà ò sí, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ràn Lhasa onírun gígùn àti àwọn ajá míì téèyàn lè gbé lé itan. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Èyí tó ń dùn mí ni ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ kiri: "Ra abo kan, jẹ́ kí akọ gùn ún, ta àwọn ọmọ rẹ̀, owó dé nìyẹn."

Bọ̀ọ̀dá mi náà sọ ọ́ nílé wa. A ní abo Lhasa kan, Princess lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọdún kan. Bọ̀ọ̀dá ti rí akọ kan ládùúgbò tó tóbi tó Princess lọ́nà méjì. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Wọ́n ní, "Kí lo mọ̀? Ṣé ajá ò ti ń bímọ kí wọ́n tó bí ẹ ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ajá ti ń bímọ tipẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn ló ń ṣa èyí tó kéré jù láti ìran dé ìran, títí àwọn ajá yìí fi kéré tó báyìí. Chihuahua tó ti dàgbà lè má ju kílò mẹ́ta lọ. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àmọ́ nínú ajá kékeré, orí ọmọ lè ju ọ̀nà tó máa gbà jáde lọ. Ó tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ bí akọ bá tóbi ju abo, tàbí bó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wà níkùn, torí òun nìkan ló ń gba gbogbo àyè.

Mo ti rí i rí. Ajá àǹtí kan tó ń gbé lókè ilé wa rọbí láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ òru. Ọmọ ò jáde. Wọ́n pe ẹnì kan tí kì í ṣe dókítà, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ilé-ọmọ fún pọ̀. Bí ọmọ bá há, irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ya ilé-ọmọ. Kílẹ̀ tó mọ́, àtìyá àtọmọ ti lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àǹtí yẹn ò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ni mo bá lọ bi dókítà ẹranko kan. Ó ní oyún ajá máa ń tó ọjọ́ 63. Bí ajá bá fi gbogbo agbára tì fún ìdajì wákàtí tí ọmọ ò jáde, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má dúró. Bó bá sì bí tán, ewu ṣì wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ń fún ọmọ lọ́mú, calcium ara rẹ̀ lè tán. Á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á le gbagidi, ó sì lè kú lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ tuntun pàápàá ò lè mú ara wọn gbóná. Bí iná bá lọ lóru, tí òtútù mú wọn, wọn ò ní lè mú ọmú dáadáa mọ́.

Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò fún Bọ̀ọ̀dá: abẹ́rẹ́ àjẹsára, àyẹ̀wò oyún, owó iṣẹ́ abẹ, owó ọkọ̀ ní aago méjì òru. Mo wá kọ iye ọmọ sí i: bóyá méjì, bóyá ẹyọ kan. Wọ́n wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀. Mọ́mì ló sọ̀rọ̀: "Bí owó iṣẹ́ abẹ ò bá sí nílẹ̀, akọ kankan ò gbọdọ̀ gun ajá yìí."

Ẹ̀yin tí ẹ ní abo ajá nílé, ẹ bi àwọn òbí yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí wọ́n tó mú akọ wá. Ṣé ajá yìí ti dàgbà tó? Ṣé dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ló máa gbé e lọ, tó sì máa sanwó, bó bá rọbí lóru? Bí ẹyọ kan bá wà tí ẹnikẹ́ni ò rí dáhùn, ẹ ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ná.