Màmá wa lọ ṣẹ́gi nínú igbó ìjọba l'Amẹ́ríkà, ohun tójú wọn rí rèé

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí o. Ta lẹ gbọ́ pé ó nílé tó dáa, tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó lómi gbígbóná, tó wá kó ìyàwó, ọmọ àti ìyá ẹ̀ lọ sùn sínú igbó, tó tún sanwó sí i? Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa lóṣù kẹta ọdún 2023. Màmá wa tí wọ́n wá kí wọn láti Oǹdó pariwo títí. Wọ́n ní: "Ṣé o jẹ gbèsè ni, tá a fi fẹ́ lọ sá sígbó?" Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń rẹ́rìn-ín ni, wọ́n láwọn ọmọ ló bẹ àwọn.

Brazos Bend lorúkọ ibẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 1 la fi wa mọ́tò débẹ̀ láti Houston. Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 éékà, ọdún 1984 ni wọ́n ṣí i fáráàlú, oríṣi ẹyẹ tó sì wà níbẹ̀ lé ní 300. Àwọn igi oak ńláńlá dúró, ewéko wá rọ̀ dirodiro lára wọn bí irùngbọ̀n bàbá arúgbó. Àmọ́ ìmọ́tótó ibẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. N ò rí ọ̀rá kan ṣoṣo nílẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, omi ń yọ, iná mànàmáná wà níbi tá a pàgọ́ sí, tábìlì tá a ti máa jẹun àti ojú ààrò wà létòlétò.

Ọ̀nì nìkan lohun ẹ̀rù ibẹ̀. Létí adágún omi Elm Lake, ńṣe ni wọ́n nà gbalaja sóòrùn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn jìnnà sí wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, kẹ́nikẹ́ni má sì fún wọn lóúnjẹ. Màmá ní ta ló máa fún wọn lóúnjẹ, òun tóun ò fẹ́ di oúnjẹ fúnra òun.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ná títí, kò ràn. A ò mọ ìgbà tí Màmá dìde. Ìgbà tá a máa rí wọn, ìdì igi gbígbẹ ti wà lórí wọn, ọmọbìnrin aṣọ́gbó kan sì ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́.

Ọmọbìnrin náà ò jágbe, kò sì dọ́gbọ́n béèrè nǹkan kan. Ó kí wa, ó ní òfin ò gbà kéèyàn ṣẹ́gi níbẹ̀, kí Màmá jọ̀ọ́ dá a padà. Màmá fárí gá: "Mi ò gé tútù o! Èyí tó ti já bọ́ ni mo ṣà!" Ló bá mú wa lọ síbi ìtì igi kan tó ti jẹrà, ó rọra gbé etí ẹ̀ sókè. Ẹ ò rí kòkòrò, ọ̀kùn àti olú lábẹ́ ẹ̀! Ló bá ń ṣàlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 9, ló wá túmọ̀ ẹ̀. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé bí wọ́n bá bá ọmọ yìí sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi máa ń dáhùn. Àfi bó ṣe di ọwọ́ Màmá mú, tó ní: "Màmá àgbà, igi yẹn, ilé ni. Ilé kòkòrò. Ẹyẹ ń jẹ kòkòrò. Tẹ́ ẹ bá kó o, ẹyẹ ò ní jẹun."

Màmá ò wo igi mọ́, ọmọ yẹn ni wọ́n ń wò. Àwọn méjèèjì ló jọ lọ dá igi náà padà.

A ra igi lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ibẹ̀, Màmá fi dáná, ó sì ràn wìrìwìrì. Ìdí iná yẹn ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ tí n ò gbàgbé. Wọ́n ní nígbà táwọn wà lọ́mọge, igbó ìjọba kan wà lẹ́yìn abúlé àwọn, aṣọ́gbó sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kódà kó fẹ́ gé ìrókò, aṣọ́gbó á wojú ibòmíì. Lónìí, igbó ọ̀hún ò sí mọ́. Màmá mí kanlẹ̀: "Orí tèmi náà wà lára orí tó rù ú tán."

Ẹ má sì rò pé ọ̀run nibi táwọn yẹn ti já bọ́ o. Ọdún 1923 ni Texas ti bẹ̀rẹ̀ ètò àwọn igbó ìgbafẹ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn aṣòfin wọn ń darí lára owó orí ọjà eré ìdárayá tó yẹ kó lọ síbẹ̀ gba ibòmíì. Àfi lóṣù kọkànlá ọdún 2019 táráàlú dìbò, tó ju 80 lọ nínú 100 wọn tó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin àgbà ìpínlẹ̀ náà pé àwọn igbó yìí àtàwọn ibi ìtàn ni kí owó ọ̀hún máa bá lọ. Aráàlú ló sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a máa lọ, Màmá ṣa gbogbo ìdọ̀tí ibi tá a sùn, títí kan èyí tí kì í ṣe tiwa. Nígbà tá a délé, wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn kan l'Oǹdó lórí fóònù. Mo rò pé ọ̀nì ni wọ́n máa ròyìn. Rárá o. Ohun tí mo gbọ́ ni: "Ọmọ ọmọ mi mà gbọ́ Yorùbá o! Igi tí mo jí ló jẹ́ kó sọ ọ́!"