Ilé Ijó Olókìkí: Ṣé Ó Yẹ Kí A Lọ?

 

Nígbà tí kíláàsì bá gba ìsinmi, àwọn kan nínú wa máa ń lọ kí ará ní Kútọnu, àwọn mìíràn a lọ sí Èkó. Bí a bá dé ọ̀hún, àwọn tó gbà wá lálejò á ní kí a lọ wo ilé ijó kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ṣé ó yẹ kí a lọ, àbí kí a jókòó sílé? Ohun tí ojú mi ti rí ni n ó fi dáhùn.

Ní ọdún 2011, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí Kútọnu. Ó mú mi lọ sí ilé ọtí kan létí òkun, níbi tí àwọn òyìnbó máa ń wá. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Iná oríṣiríṣi ń tàn, orin ń dún bí ẹni pé etí fẹ́ di. Wọ́n gbé ìwé kan síwájú wa. Iye owó ohun gbogbo wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìwé kíkà, n kò ṣí i. Ojú ń tì mí. Mo rò pé bí mo bá ń wo iye owó, wọn yóò mọ̀ pé ará oko ni mí. A mu ọtí méjì méjì, a sì jẹ ẹja díndín. Nígbà tí a fẹ́ dìde, wọ́n ní owó wa jẹ́ 23.000 fáráǹkì.

Kò sẹ́ni tó rẹ́ wa jẹ. Iye tó wà nínú ìwé náà ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n owó tó wà lápò mi kì í ṣe owó fàájì. Owó ìwé àti aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ mi ni. Nígbà tí mo padà dé Kétu, mo sọ fún ìyàwó mi pé olè ló yọ owó lápò mi ní ọjà Dántokpá. Ó bá mi kẹ́dùn. Ó ta ewúrẹ́ rẹ̀ kan, ó fi ra ìwé àwọn ọmọ. N kò lè wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo pinnu pé n kò ní tẹ ilé ijó kankan mọ́.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, mo lọ kí àbúrò mi ní Èkó. Mo gba Pọ̀bẹ̀, mo gba Ìdìrókò. Ó ní, « Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Shrine. » Mo ní rárá. Ó ní, « Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ jẹ́ ká lọ. »

New Afrika Shrine ní Ìkẹjà ni ó ń wí. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Ojúbọ Áfíríkà Tuntun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ibẹ̀ fún yín. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Fẹlá Aníkúlápó Kútì. Wọ́n bí i ní 1938. Ó fi orin bá àwọn ìjọba sójà wí, wọ́n sì kórìíra rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀, wọ́n lù ú, wọ́n dáná sun ilé náà. Wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ní ọdún kejì, ìyá náà kú. Fẹlá fúnra rẹ̀ kú ní 1997. Àwọn ọmọ rẹ̀, Fẹ́mi àti Yẹni, ló kọ́ Shrine tuntun, wọ́n ṣí i ní ọdún 2000. Ní oṣù keje ọdún 2018, Emmanuel Macron, olórí ilẹ̀ Faransé, wá síbẹ̀. Ó ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti 2002, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣojú Faransé ní Nàìjíríà.

Ní ọjọ́ tí a lọ, olówó wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, òyìnbó náà wà níbẹ̀. Àga rọ́bà kan náà ni gbogbo wọn jókòó lé. Èéfín igbó ń rùn, n kò ní purọ́ fún yín. Orin kò tètè bẹ̀rẹ̀, oorun ti ń kùn mí. Nígbà tó yá, fèrè dún, ìlù tẹ̀lé e, oorun fò lọ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú orin náà, irú èyí tí àwa náà ń sọ nílé. Mo rántí ìyá àgbà tí wọ́n jù láti ojú fèrèsé. Wọ́n sun ilé, wọ́n pa ìyá, síbẹ̀ orin kò dákẹ́.

Omi ìgò kan péré ni mo mu. Kí n tó gbà á, mo bèèrè iye rẹ̀ sókè ketekete. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdáhùn mi nìyí. Bí ibì kan bá ní ìtàn, tàbí orin tí ẹ kò lè gbọ́ níbòmíràn, ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ẹ jókòó sílé. Ọtí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ náà wà lábúlé wa.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ rántí ohun mẹ́rin:

1. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣeré àti iye owó ìwọlé.
2. Ẹ ya owó fàájì sọ́tọ̀. Ẹ fi owó ọmọ sílẹ̀ nílé.
3. Ẹ ka ìwé iye owó kí ẹ tó pe ohunkóhun. Ìdí tí a fi kọ́ ìwé nìyẹn.
4. Ẹ mọ ẹni tí yóò gbé yín padà, nítorí òru.

Nígbà tí mo dé Kétu, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ 2011 fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, « Mo ti mọ̀ tipẹ́. Olè wo ló ń yọ owó tí yóò ṣẹ́ owó mọ́tò kù fún èèyàn? »

Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti ra ewúrẹ́ mìíràn fún un. Ó ti bí méjì.