Àrokò Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ìyá ìyá mi ta obì gbànja ní Ṣàgámù títí wọ́n fi darúgbó. Àwọn Hausa ní Sábó, tó ń kó o lọ sókè Ọya, ni oníbàárà wọn. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ kan èyí tí wọ́n fẹ́ tà, torí bí ojú obì bá ti là, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kò sì ní pẹ́ tó máa di àwọ̀ ilẹ̀pa. Mo dé yunifásítì kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ́ńsáìmù ni. Ọ̀bẹ fọ́ sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù pàdé èròjà tí ògiri ti yà á nípa, atẹ́gùn dá sí i, àwọ̀ yí padà.

Gààrì Ìjẹ̀bú náà bẹ́ẹ̀. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ linamarase á tú oró inú rẹ̀ kúrò lára ṣúgà tó so mọ́. Bí a bá wá fún un, tí a yan án, oró á bá omi àti ooru lọ. Láìfepobọyọ̀, àwọn ìyá Rẹ́mọ ló ṣáájú mi nídìí iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir, tó kọ́ àwọn tó kọ́ wa ní Ìbàdàn, náà kọ̀wé lórí bí ẹmu ọ̀pẹ ṣe ń kan.

Ní 1897, Eduard Buchner ní Jámánì lọ ìwúkàrà títí kò fi ku sẹ́ẹ̀lì kan láàyè, síbẹ̀ omi rẹ̀ ṣì ń sọ ṣúgà di ọtí. Bí ẹ́ńsáìmù kò bá nílò ẹ̀mí, a jẹ́ pé èèyàn lè mú un lọ́wọ́, kó tún un tò. Frances Arnold ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1993: ó da àṣìṣe sínú jíìnì ẹ́ńsáìmù kan, ó ṣa èyí tó dára jù, ó tún un ṣe. Nígbà tó fi di ìran kẹta, ẹ́ńsáìmù náà ti dára ní ìlọ́po 256 nínú kẹ́míkà tó yẹ kó pa á. Àgbẹ̀ tó ń ṣa àgbàdo tó máa gbìn lójò tó ń bọ̀ yóò mọ ọgbọ́n yìí dáadáa.

Jẹjẹrẹ ló gbé mi dé ìdí títún ẹ́ńsáìmù tò ní tèmi. Àwọn Ìjẹ̀bú àtijọ́ máa ń fi owó ẹyọ pàrokò. Iye rẹ̀ àti bó ṣe kọjú síra ni ọ̀rọ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà ń pàrokò. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ kinase á so fọ́sífétì mọ́ purotéènì, purotéènì á lọ jíṣẹ́, òmíràn tó ń jẹ́ phosphatase á tú u. Ní 1979 ni Tony Hunter rí i pé kinase tún máa ń so fọ́sífétì mọ́ tyrosine, ọ̀kan nínú àwọn èròjà purotéènì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Nínú oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, kinase kan wà tí kì í sinmi: tọ̀sán tòru ló ń pàrokò pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ sí i, láìsí ẹni tó rán an. Oògùn imatinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, ló dè é lọ́wọ́. Ní 2003 ni ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn aláìsàn. Bàbá kan ní àdúgbò wa máa ń wọkọ̀ lọ gba tiwọn. Èmi ni mo máa ń bá wọn gbé báàgì lọ sí gáréèjì.

Phosphatase, èyí tó ń tú àrokò, ni mò ń tún tò. Lọ́dún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ní láàbù kan tí mo wà nígbà yẹn, iná lọ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tó yẹ kó tan jẹnẹrétọ̀ kò wá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, omi ń kán lábẹ́ fírísà. Ẹ́ńsáìmù oṣù mẹ́rin ti ṣùpọ̀, ó funfun bí omi ògì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Àwo tí a fi ń dán an wò ní ihò 96. Èyí tí ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, omi rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ọsàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ihò kan ti pọ́n kí n tó gbé àwo kalẹ̀ tán. Mo fi bírò yí i po.