Ráútà Ló Gbàgbé, Ọmọ La Pè Lólè

Àwa méjì la ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Ìbàdàn. A máa ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a máa ń ṣe fọ́tókọ́pì, a sì máa ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó lò ó. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kò buyì kún wa, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́.

A ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan, ọmọ ọdún 17. Òun ló ń yí pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi padà láràárọ̀, kí ẹni tó sanwó lánàá má baà jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lónìí kó máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, a rí i pé àwọn ará àná ṣì ń wọlé. Bí a bá bi í, á ní, "Ọ̀gá, mo ti yí i padà." Bí a bá wò ó, ti àtijọ́ la máa bá níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, níṣojú àwọn oníbàárà, a ní àwọn ọmọ ìta ló ń fún un lówó tó fi ń dá a padà. A pè é lólè. Kò bá wa jà. Ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwa fúnra wa yí pásíwọ́ọ̀dù padà, a kọ ọ́ sí pépà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọ̀sán. Wọ́n mú iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀, ráútà dìde padà. Ti àtijọ́ ló tún gbé dìde. A wo ojú ara wa, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a wọ inú ráútà lọ ka ohun tó ń sọ nípa ara rẹ̀. Ó ti ń pariwo tipẹ́, àwa la ò wò ó: búlọ́ọ̀kù àpamọ́ ti tán, kò lè kọ nǹkan kan mọ́, kíkà nìkan ló kù.

Flash ni wọ́n ń pe ibi tí ráútà ń kọ nǹkan pamọ́ sí. Fujio Masuoka, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní 1984. Èyí tí wọ́n ń pè ní NAND tẹ̀ lé e ní 1987. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa tètè yé ẹni tó bá lọ ilé kéú rí, torí bíi wàláà ló rí. Ẹ lè kọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ lo ibi tí tàdáwà ti kàn, odindi wàláà lẹ máa fọ̀. Wàláà yẹn ni búlọ́ọ̀kù. 1,024 ló wà nínú ráútà wa. Iná mànàmáná tó ń la awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kọjá ló ń ṣe kíkọ àti fífọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni awọ náà sì ń jẹ. Irú tó lágbára lè gba fífọ̀ bí 100,000. Àwọn mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Kódà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, búlọ́ọ̀kù kan lè ti bàjẹ́. Wọ́n á fi àmì sí i, kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sí i. UBI, ètò tó ń bójú tó flash nínú Linux, máa ń pín iṣẹ́ náà káàkiri kó má baà dá lórí ẹyọ kan, á sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìrọ́pò. Bí èyí tó yà sọ́tọ̀ bá tán, ó parí. Ohun tuntun tí ẹ bá sọ fún ráútà á wà nínú RAM níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Bí iná bá ti lọ, ó ti gbàgbé.

Ta ló wá fọ wàláà wa títí tó fi jẹ? Àwa ni. Tòkunbọ̀ ni ráútà ọ̀hún, a ò mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí kó tó dé ọwọ́ wa. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, torí ìbẹ̀rù pé wọ́n ń jí dátà wa, a ní kó máa tún gbogbo àkọsílẹ̀ kọ láti òkè délẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, fóònù wo ló wọlé, èló ló lò, kó sì kọ ọ́ sórí flash lójú ẹsẹ̀. Wákàtí 10 la fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù: ìgbà 36,000 lójúmọ́ nìyẹn. Ìfura wa ló ba ráútà jẹ́, òun náà ló lé ọmọ ọlọ́mọ lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; àwa ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan.

A lọ sí ọjà níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ta èlùbọ́. A dọ̀bálẹ̀. Ìyá ní, "Ẹ dìde. Òun lẹ ṣẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà gbọ́ wa dópin. Ó ní, "Ọ̀gá, búlọ́ọ̀kù mélòó ló kú?"

A ní, "21."

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

A ò tíì sọ fún ẹnì kankan.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn ná."

A ṣí ìwé tí a fi ń kọ owó ọjọ́. Àwọn mẹ́sàn-án ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. A ti rí méje, a sì ti sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A ti ra ráútà mìíràn. Inú RAM ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń gbé báyìí, alaalẹ́ la sì ń kó o sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan péré. A ò mọ ilé àwọn méjì tó kù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yẹn kì í ṣe olè. Òótọ́ ló ń sọ fún wa láràárọ̀.