Alárenà Ilé Ìwòsàn

Láyé àtijọ́, bí ìdílé kan bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wọn, alárenà ni wọn a kọ́kọ́ rán. Òun ni yóò wádìí bóyá ẹ̀tẹ̀ tàbí wèrè ń bẹ nínú ìran náà, àti bóyá gbèsè wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Irú iṣẹ́ yìí ni àwọn olùdámọ̀ràn kan ń ṣe ní Le Plateau, àdúgbò ilé gogoro ní Abidjan, níbi tí Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà fìdí kalẹ̀ sí. Ilé ìwòsàn tí olówó kan fẹ́ rà ni ìyàwó tí wọ́n ń wádìí.

Ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà kì í fọwọ́ kan aláìsàn. Ìwé ni ó ń tú: ibùsùn mélòó ni ó wà, òru mélòó ni ènìyàn ń sùn lórí wọn, orúkọ ta ni ó wà lórí ìwé àṣẹ, dókítà wo ni àwọn aláìsàn yóò tẹ̀ lé bí ó bá kó lọ? Gbèsè ni ó le jù. Ká ní ilé ìwòsàn kan kọ ọ́ pé òun ń jèrè 200 mílíọ̀nù fránkì lọ́dún, tí olùrà sì gbà láti san ìlọ́po 6 rẹ̀, owó di 1,200 mílíọ̀nù. Bí ó bá hàn pé 40 mílíọ̀nù nínú èrè ọdọọdún náà jẹ́ owó tí àwọn adójútòfò kò ní san láéláé, owó já sí 960 mílíọ̀nù. Àlàfo 240 mílíọ̀nù láti inú ìwé gbèsè kan ṣoṣo! Abájọ tí iná kì í fi í kú nínú àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n ìdílé méjèèjì ni alárenà ń rò mọ́ tiwọn. Ẹni tí ó gba olùdámọ̀ràn síṣẹ́ ni òun ń sìn, nígbà mìíràn apá kan owó rẹ̀ sì dúró lórí pé kí òwò náà yọrí. Ó gba ọkàn akin kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó wí pé, “Ẹ má rà á.”

Ẹnì kẹta wà tí kò bá wọn jókòó. Tí a bá gba orí afárá Houphouët-Boigny tí wọ́n ṣí ní 1957 kọjá, Treichville ni a ó bọ́ sí, níbi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́; ọmọ Èjìgbò pọ̀ nínú wọn. Òfin 2014 fi ìdójútòfò ìlera lélẹ̀ fún gbogbo olùgbé: 1,000 fránkì lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpò náà a sì gbé ìdá 70 nínú 100 iye tí ìjọba fi lé ìtọ́jú. Bí olówó tuntun bá kọ káàdì náà nítorí kí owó tí ó fi rà á lè tètè padà, ilé ìwòsàn ìjọba ni ìyá oníṣòwò yóò lọ tò sí. Olùdámọ̀ràn tí ó mọṣẹ́ a kọ èyí sínú ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìfọwọ́sí, ilé ìwòsàn mìíràn ni ó ń lọ wádìí.