Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ń Ta Tẹ́tẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe rò pé mo ti di onítẹ́tẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan náà, tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ó ní òun ti rí ọ̀nà tí òun yóò fi sọ owó ilé-ìwé òun di ìlọ́po méjì nínú eré káàdì tí a ń pè ní blackjack.

Nínú eré yìí, ìwọ àti ẹni tí ó ń pín káàdì ni ẹ ń du 21. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn jù, tí kò kọjá rẹ̀, ni ó jẹ. Káàdì tí ó bá ti jáde kò tún ní jáde mọ́ àfi bí wọ́n bá tún gbogbo rẹ̀ pò pọ̀. Níbẹ̀ ni kíkà ti wọlé. Ẹni tí ó mọ ayò ọlọ́pọ́n yóò tètè lóye: ọ̀ta kì í tú odù wò kí ó tó mọ iye ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú ìlànà Hi-Lo, bí 2 títí dé 6 bá jáde, o ó fi 1 kún iye tí ó wà lọ́kàn rẹ. Bí 10, káàdì olórí-ènìyàn tàbí éèsì bá jáde, o ó yọ 1. 7, 8 àti 9 kò kàn ọ́. Bí iye náà bá ga, o ó fi owó kún owó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Edward Thorp, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, lo kọ̀ǹpútà IBM 704 láti yẹ eré náà wò, ó sì tẹ ìwé Beat the Dealer jáde ní 1962.

Ọ̀rẹ́ mi kọ ètò tí ó ń ta á ní àfarawé. Ó ta á ní ìgbà 10,000, ó jèrè. Inú rẹ̀ dùn, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. (Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ kì í ta tẹ́tẹ́.) Ó tún ta 10,000 mìíràn, ó pàdánù. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú ìgbà 10,000, oríire nìkan lè ti èrè orí 100 náírà sókè tàbí sísàlẹ̀ ní bíi náírà 1, èrè tí akàkáàdì gidi ń wá kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju náírà 1 náà lọ. Ìgbà àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ta kí a tó mọ òótọ́. Ènìyàn tí ó bá ń ta ìgbà 80 ní wákàtí kan yóò lo wákàtí 125 kí ó tó pé 10,000 péré.

Mo wá bi í pé, "Níbo ni ìwọ gan-an yóò ti ta á?"

Ó ní, "Lórí fóònù ni."

Lórí fóònù, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń pín káàdì, ó wọ́pọ̀ pé lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tún káàdì pò. Kí ni ènìyàn yóò wá kà? Ó fi ìlà kan kún ètò rẹ̀ kí ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Akàkáàdì rẹ̀ ń pàdánù bíi kọ́bọ̀ 50 lórí 100 náírà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ka ohunkóhun.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Ní ọjọ́ Ajé ó lọ san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ètò náà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó, kí ó yà sí yàrá wa.