Géèmù Àtijọ́ àti Pádì Kejì

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi tó ń gbé ní ìlú Birmingham fi páálí kékeré kan rán ènìyàn sí mi. Ẹ̀rọ géèmù ni mo bá nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní kí ó lè jọ ti àtijọ́. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán la máa ń so ó mọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù ìgbà èwe wa ló sì wà nínú rẹ̀. Pádì méjì ló bá a wá. Kò sí lẹ́tà, kò sí àlàyé kankan.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ẹ̀bùn náà fi yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí a ti sìnkú bàbá wa, tí ọ̀rọ̀ ilé tó fi sílẹ̀ sì dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa, èmi àti àbúrò mi kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ ju ìkíni ọdún lọ. Ọdún mẹ́rin rèé.

Ní 1992, àwa méjèèjì kò ṣeé yà. Ìsọ̀ géèmù kan wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, nígbà náà: yàrá kan ṣoṣo, bẹ́ǹṣì méjì, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kékeré kan, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé. Owó ọkọ̀ tí ìyá wa ń fún wa la máa ń kó síbẹ̀, a ó sì fẹsẹ̀ rìn délé. Super Mario Bros., tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Jàpáánì gbé jáde ní 1985, ni a fẹ́ràn jù. Bí ènìyàn méjì bá ń gbá a, wọn kì í jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mario ló ń kọ́kọ́ lọ. Ìgbà tó bá kú ló tó kan Luigi, àbúrò rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni Mario. Àbúrò mi a di pádì kejì mú, a sì máa bi mí léraléra pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ò tíì kú ni?" Lọ́jọ́ kan, ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ. Ó wọlé, ó sì fọ́ ọ létí. Ó ní èèwọ̀ ni kí ọmọ máa bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ká sòótọ́, adùn wà nínú àwọn géèmù wọ̀nyẹn. Ní 1978, Tomohiro Nishikado ṣe Space Invaders. Ní 1980, Pac-Man tí Toru Iwatani ṣe jáde. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Alexey Pajitnov ṣe Tetris ní ìlú Moscow. Kò sí èyí tó nílò olùkọ́ nínú wọn. Ọmọ tí kò mọ̀wé kà a wo ojú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú kan, a sì mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe: kí ó yìnbọn, kí ó sá, tàbí kí ó to bíríkì. Bí ó bá kú, ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ló jáfara. Ẹni tó ń fi páswọ́ọ̀dù mẹ́wàá wọ ibi mẹ́wàá lójoojúmọ́ kò lè ṣàì gbádùn irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀.

Òru mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ní òru àkọ́kọ́, inú mi dùn bí ọmọdé. Ní òru kejì, mo ṣàkíyèsí pé ibi tí ọ̀tá ti ń yọ sí mi ní Mọ́kọ́lá náà ló ṣì ti ń yọ. Kò dàgbà, kò sì kọ́ ọgbọ́n kankan. Ní òru kẹta, ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ síbòmíràn.

Ẹ̀bi àwọn tó ṣe wọ́n kọ́. Ẹ̀rọ tí a ń sọ owó ẹyọ sí nínú ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Bí ènìyàn kò bá tètè kú, owó kò lè wọlé. Nítorí náà, eré náà á máa yára sí i títí ọwọ́ kò fi ní bá a mọ́. Ohun tí ẹ̀rọ ìgbà náà lè rántí kò sì tó nǹkan. Nínú Pac-Man, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń ka ìpele kò lè kọjá 255. Ẹni tó bá gbá a dé ìpele 256 yóò rí i tí ìdajì ojú ẹ̀rọ dàrú di lẹ́tà àti àmì tí kò nítumọ̀, kò sì ní lè lọ síwájú mọ́. Èrè ẹni tó mọ eré náà jù nìyẹn.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, gbà á wò. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi dá pádì padà. Ó ní, "Dádì, ó dáa o. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí, kí ló tún kàn?" Inú bí mi. Nínú géèmù tirẹ̀, ó ń kọ́lé, ó ń gbẹ́lẹ̀, ó sì ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní ìlú mìíràn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń gbá a. Mo ti la ẹnu láti sọ pé àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ ohun tó dára, bí mo ti máa ń kọ ọ́ nígbà tí mo wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ni mo rántí bàbá wa. Lọ́jọ́ tó ká wa mọ́ ìsọ̀ Mọ́kọ́lá, pàṣán ló fi lé wa délé. Ó ní ayò ọlọ́pọ́n ni eré ọmọlúàbí, nítorí ènìyàn ni à ń bá ta á, a kì í bá tẹlifíṣọ̀n ta á.

Ohun tí bàbá kò rí ni ẹni tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Èmi náà kò rí i fún òru mẹ́ta gbáko. Mo ń wá Mọ́kọ́lá nínú ẹ̀rọ, pádì kejì sì wà nínú páálí, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá, n kò tú u.

Mo pe àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ náà. A kí ara wa, a bèèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wa bó ti máa ń rí. Mo wá sọ fún un pé mo ti ń gbá Mario. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ò tíì kú ni?" Ẹ̀rín pa wá, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa ṣì wà nílẹ̀. Kò sí bọ́tìnì tí a lè tẹ̀ kí ìjà ọdún mẹ́rin di ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Àwa fúnra wa la ó jókòó sọ ọ́. Ó ní òun ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Mo ti tú pádì kejì kúrò nínú ọ̀rá.